Ìwà ipá inú Adó-Èkìtì àti ti ojú ọ̀nà oko: kí nìdí tí wọn kì í fi í ṣe ọ̀kan náà?

Bí ìròyìn ìpànìyàn tàbí ìjínigbé bá ti jáde ní Èkìtì, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ètò ààbò ti mẹ́hẹ. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń ba aráàlú. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgboro Adó kò jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tàbí nínú igbó tó bá Kogí pààlà. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ ò ní mọ ibi tó yẹ kó ti máa ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ìgboro. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí Adó ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, kò yé fẹ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, báǹkì dé, Pólì wà níbẹ̀, fásitì Èkìtì wà níbẹ̀, fásitì Afẹ́ Babalọlá náà tún dé. Ilé ti gba ojú ọ̀nà Ìwọ́rọ́kò kan. Láyé àtijọ́, bí ọmọkùnrin kan bá ń ṣe ségesège, àwọn àgbà mọ agbo ilé bàbá rẹ̀. Ní àwọn àdúgbò tuntun yìí, ẹni tó yá yàrá lánàá àti ẹni tó kọ́lé kì í sábà mọ ara wọn.

Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún ẹgbẹ́ òkùnkùn láti rí ọmọ kó. Nígbà tí irú ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fásitì Ìbàdàn lọ́dún 1952, kì í ṣe ti ìpànìyàn. Ìgbà tó yá ni àwọn mìíràn dìde, tí ìbọn àti àáké wọ̀ ọ́, tí ọ̀rọ̀ náà sì jáde kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sí ìgboro. Lónìí, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, ọlọ́kadà, kódà ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè wà nínú Ẹyẹ tàbí Ayé.

Ẹ̀san ló ń gbé ìpànìyàn wọn rìn. Bí ẹnì kan bá ṣubú lónìí ní apá ọ̀hún, apá kejì á máa retí pé wọ́n máa wá gbẹ̀san. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi lè pa rọ́rọ́ fún oṣù mélòó kan, kí ìbọn wá dún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tó rò pé ó ti tán, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èkìtì ní òfin tó ka ẹgbẹ́ òkùnkùn léèwọ̀, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2017. Ṣùgbọ́n òfin nílò ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí sì ń bẹ̀rù ẹ̀san kan náà.

Ìṣèlú àti ìjà onímọ́tò náà ní tiwọn nínú rẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa alága ẹgbẹ́ onímọ́tò tẹ́lẹ̀ rí kan ní Adó, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ débi pé ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé.

Ti ojú ọ̀nà oko wá ńkọ́? Owó ni àwọn ajínigbé ń wá. Èkìtì bá Kwárà, Kogí, Oǹdó àti Ọ̀ṣun pààlà, igbó sì pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá ṣọṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan lè ti sá wọ òmíràn kí ọlọ́pàá tó dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ àti Elẹ́sùn ti Èsùn ní Òkè-Àkò; Alárá ti Ará rí ọ̀nà sá àsálà. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn olùkọ́ gbé ní Ẹmùré. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ni wọ́n tó gba ìdáǹdè, àmọ́ wọ́n ti pa awakọ̀ wọn.

Adó kọ́ ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Adó. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko tó jìnnà kò ní rí iṣu kó wá sọ́jà Ọba, ìyàwó ilé ló sì máa san án.

Ta ló wá yẹ kó dáàbò bò wá? Òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, Àbújá ló sì ń darí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lọ́dún 2020. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ igbó, wọ́n gbọ́ èdè, àmọ́ òfin kò fún wọn ní irú ìbọn ńlá tí ajínigbé ń gbé. Lóṣù Kejì ọdún 2024 ni ààrẹ àtàwọn gómìnà gbà láti gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò.

Kó tó dìgbà náà, ohun tó wà lọ́wọ́ ará ìlú kò ju pé kó tètè sọ̀rọ̀. Onílé, ẹ béèrè iṣẹ́ àti ẹbí ẹni tó fẹ́ yá yàrá kẹ́ ẹ tó gba owó. Òbí, bí ọmọ bá ṣàdédé ń bẹ̀rù láti gba ojú ọ̀nà kan tàbí tó ń fi ọgbẹ́ pa mọ́, ẹ má fi ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ rìn lọ sọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ẹ tètè gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sọ́nà. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ pe 112, ọ̀fẹ́ ni.