Ìbọn ráífù olówó pọ́ọ́kú fún ìdíje ọ̀nà jíjìn

Ìbọn ráífù olówó pọ́ọ́kú fún ìdíje ọ̀nà jíjìn ni ìbọn tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rà, síbẹ̀ tí ó péye tó láti ba àmì tí ó jìnnà tó yáàdì 1,000 (mítà 914). Inú ọ̀pá ráífù ni a gbẹ́ ojú ilà tí ó yí po sí, èyí tí ó ń mú ọta pòòyì bí òkòtó kí ó má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Iye tí a ra ìbọn kì í ṣe gbogbo ìnáwó rẹ̀: ẹ̀ka ìdíje, ọta àti bí ọ̀pá ṣe ń jẹ sí ni ó ń pinnu ohun tí yóò ná olówó rẹ̀ ní ìkẹyìn.

Ìtàn

Ọdún 1859 ni a dá ẹgbẹ́ National Rifle Association sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Wimbledon ní ọdún 1860, Ọbabìnrin Victoria ni ó sì yin ọta àkọ́kọ́. Ní ọdún 1890, wọ́n gbé ìdíje náà lọ sí Bisley.

Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ni síso ọ̀pá mọ́ ara ìbọn ń gbà, nítorí a ní láti rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bára mu. Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Savage ní Amẹ́ríkà gbé Model 110 jáde, èyí tí Nicholas Brewer ṣe. Nọ́ọ̀tì kan ni ó di ọ̀pá ìbọn yìí mú: a ó yí ọ̀pá wọlé dé ìwọ̀n tí ó yẹ, a ó sì fi nọ́ọ̀tì dì í. Èyí dín iṣẹ́ àti owó kù láì ba ìpéye ìbọn jẹ́.

Ìwọ̀n ìpéye

Ìṣẹ́jú igun, tí í ṣe ìdá kan nínú 60 dígírì kan, ni a fi ń wọn bí ojú ihò ọta ti sún mọ́ra tó. Ó fẹ̀ tó íǹṣì kan ní yáàdì 100, ó sì fẹ̀ tó íǹṣì 10.5 ní yáàdì 1,000. Nínú ìdíje F-Class ní Amẹ́ríkà, íǹṣì 10 ni ìbú òbìrí tí ó ní máàkì mẹ́wàá ní yáàdì 1,000. Nítorí náà, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń tàn ká dé ìṣẹ́jú igun kan lè pàdánù máàkì bí ẹni tí ó yìn ín kò tilẹ̀ ṣe àṣìṣe kankan.

Ẹ̀ka ìdíje àti ọta

Ó yẹ kí a yan ẹ̀ka ìdíje kí a tó yan ìbọn. Ẹ̀ka F-T/R gba .223 Remington àti .308 Winchester nìkan, ìbọn pẹ̀lú ohun èlò ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílógíráàmù 8.25 lọ. 6.5 Creedmoor, tí ó jáde ní ọdún 2007, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tètè gbá ọta rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka F-Open ni ó bọ́ sí, níbi tí yóò ti bá ìbọn olówó gọbọi pàdé.

Ọta .308 tí ó wúwo tó gíréènì 168 (gíráàmù 10.9) sábà máa ń bọ́ sí ìwọ̀n ìyára ohùn kí ó tó dé yáàdì 1,000, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Èyí ni àwọn ayìnbọn fi ń lo ọta tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí owó ń lọ

Ọ̀pá tí ó dára àti irin ìfà tí kò le lábẹ́ ìka ṣe pàtàkì ju igi dídán tàbí iṣẹ́ ọnà ara ìbọn lọ. Awò awọ̀nàjíjìn tí a ń gbé lé e lórí lè wọ́n ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ. Iná àti gáàsì gbígbóná sì ń jẹ ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá.308 sábà máa ń pẹ́ ju ti 6.5 Creedmoor lọ. Ìbọn onínọ́ọ̀tì tún wúlò níbí, nítorí olówó rẹ̀ tí ó ní irin ìwọ̀n tí ó yẹ lè pààrọ̀ ọ̀pá tí ó ti jẹ láì ra ìbọn mìíràn.