Iná Pupa Lójú Sáfà: Bí A Ṣe Ń Gba Ọ̀wọ́ Díìsìkì Padà Lọ́wọ́ Ikú

Ní òru ọjọ́ tí nǹkan bá máa ṣe sáfà, ilé kì í jó, òrùlé kì í ṣí. Iná kékeré kan tí ó ti ń tàn ní àwọ̀ ewé láti ọdún mẹ́ta ni yóò kàn yí padà di pupa rúsúrúsú, tí ẹ̀rọ náà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá kò ní mọ̀, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣí fáìlì aláìsàn lórí rẹ̀ kò ní mọ̀. Ẹnjiníà tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀, bí ó bá wọ yàrá náà. Wákàtí tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ó bá fojú kan iná yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí inú wákàtí náà ni a ti sábà máa ń pàdánù ohun tí díìsìkì tí ó kú kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí díìsìkì jẹ́. Ayí-bí-òòyì-má-ṣubú ni, arántí-má-gbàgbé tí ó ń ru ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láìkáàárẹ̀. Àwo dídán bíi dígí ni ó wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a máa yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tí ó sì ń kàwé lójú àwo náà kò gbọdọ̀ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jìnnà sí i, àlàfo àárín wọn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí ènìyàn fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ekuru èéfín sìgá yóò sì dà bí àpáta lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní 1956 tí ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 24, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà lọ. Láti ọjọ́ náà wá, ó ti kéré, ó ti yára, ó ti gba ìmọ̀ sínú ju bí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ, ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: ohun tí ó ń yí kò lè yí títí ayé.

Mímọ̀ pé ikú náà dájú ni ó bí ọ̀wọ́ díìsìkì. Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley gbé ìwé kan jáde, wọ́n béèrè nínú rẹ̀ ìdí tí a fi ń ra díìsìkì ràgàjì kan ṣoṣo ní owó gọbọi, nígbà tí a lè so ọ̀pọ̀ díìsìkì pọ́ọ́kú, irú èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kékeré, pọ̀ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò tan ara wọn jẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ẹyọ kan bá lè lo 30,000 wákàtí kí ó tó bàjẹ́, bí a bá so 100 pọ̀, a kò ní lò ju 300 wákàtí lọ, ìyẹn kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, tí yóò lè sọ ohun tí ẹni tí ó kú mọ̀. Norman Ken Ouchi, ti IBM, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ọgbọ́n ìgbàpadà bẹ́ẹ̀ ní 1978, ṣùgbọ́n àwọn ará Berkeley ni ó sọ ọ́ ní RAID, orúkọ náà ni ó sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Bí ẹlẹ́rìí náà ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo rí mọ̀ pé ojú kan tàbí ojú méjì ni ó ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn, nígbà mẹ́jọ, tí odù 256 sì ń ti ibẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà, 1 àti 0 ni tirẹ̀, mẹ́jọ mẹ́jọ ni ó sì ń tò wọ́n, tí oríṣi àmì 256 fi ń jáde. Ẹ wá fi ojú inú wo díìsìkì mẹ́ta, kí èkíní kọ 1, kí èkejì kọ 1, kí ẹ̀kẹta kọ 1. Ẹlẹ́rìí tí ó jẹ́ ẹ̀kẹrin yóò ka iye 1 tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò rí mẹ́ta, yóò sì kọ 1 tirẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè pé mẹ́rin, nítorí òfin rẹ̀ ni pé kí iye 1 má ṣe ṣẹ́ku ọ̀kan láìní èkejì. Bí èkejì bá kú lóru, àwọn tí ó kù ní 1 mẹ́ta lọ́wọ́. Mẹ́ta kò bá òfin mu, a jẹ́ pé 1 ni olóògbé kọ. Bí ó bá jẹ́ pé 0 ni ó kọ, ẹlẹ́rìí ìbá ti kọ 0 pẹ̀lú, àwọn tí ó kù ìbá ní méjì, kò sì sí ohun tí ó ṣẹ́ku. Èyí ni a ń ṣe ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà kí ojú tó ṣẹ́, títí a ó fi kọ gbogbo ohun tí olóògbé mọ̀ sórí díìsìkì tuntun.

Níbi tí ó ti dùn náà ni ewu wà. Ní gbogbo àsìkò tí a ń kọ díìsìkì tuntun náà, ọ̀wọ́ ẹlẹ́rìí kan kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn mọ́. A sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo díìsìkì tí ó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àṣìṣe kan. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe díìsìkì ilé kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé ọjà wọn pé a lè rí ibi kan tí kò ní ṣeé kà nínú nǹkan bíi tẹ́rábáìtì 12.5. Bí ọ̀wọ́ wa bá ní díìsìkì márùn-ún oní-tẹ́rábáìtì mẹ́rin, tí ọ̀kan kú, tẹ́rábáìtì 16 ni a ó kà láti gbà á là. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ díìsìkì ń ṣe dáadáa ju ohun tí a kọ sórí wọn lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni a ra márààrún, inú ooru kan náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, iná mànàmáná kan náà ni ó ń dá wọn lójú iṣẹ́. Èwo ni kí ó yà wá lẹ́nu bí èkejì bá tẹ̀lé èkíní? Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fi ń fi ẹlẹ́rìí méjì sí ọ̀wọ́ ńlá.

Bí díìsìkì méjì bá wá lọ nínú ọ̀wọ́ ẹlẹ́rìí kan, tí sáfà dákẹ́ pátápátá, ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ṣe ohun tí ikú kò ṣe. Ẹlòmíràn a pa á, a tún tan án, ní ìgbà mẹ́fà. Ẹlòmíràn a yọ díìsìkì tí ó yè, a fi èyí tí ó kú sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ti àwọn tí ó gbé díìsìkì sínú fìríìsà, tí omi ìrì sì dà bo ojú àwo náà nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó dá ọ̀wọ́ tuntun sílẹ̀ lórí àwọn díìsìkì àtijọ́ náà: ẹyin ni dátà, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́, ohun tí a bá sì ti kọ ohun mìíràn lé lórí kò sí ẹlẹ́rìí tí ó lè jẹ́rìí rẹ̀ mọ́.

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ yóò pa sáfà náà, yóò mú gègé, yóò kọ nọ́ńbà ihò tí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ti jáde sí ara rẹ̀. Èyí tí ó bá ń dún kọ́ kọ́ kọ́, kò ní tan án mọ́. Ti àwọn tí ó ní yàrá tí ekuru kò lè wọ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù, yóò da ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sórí díìsìkì tuntun pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi ddrescue, tí ó máa ń kọ́kọ́ kó ibi tí ó yá, tí ó ń sàmì sí ibi tí ó le, tí ó sì ń padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀dà ni yóò máa fọwọ́ kàn. Ojúlówó ti wọ inú àpótí.

Lórí ẹ̀rọ Linux, ohun tí ó kàn ni láti wo nọ́ńbà kan tí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ń gbé sára, tí ó ń lọ sókè bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀wọ́ náà. Ká ní nínú ọ̀wọ́ díìsìkì mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin wà ní 48,213, ìkíní wà ní 48,209, ìkẹta sì wà ní 31,906. Ẹjọ́ náà ti yéni: ìkẹta ti jáde láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tí ó kíyè sí iná rẹ̀, ìkíní ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lánàá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ìkẹta ní lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ ń yí geere. Ìkíní tí ara rẹ̀ kò yá ni kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ti ìkejì àti ìkẹrin lẹ́yìn, mẹ́ta nínú mẹ́rin sì tó. Àṣẹ tí a ó lò ni èyí tí ó ń kó àwọn tí ó ti mọ ara wọn jọ, a kò ní lo èyí tí ó ń dá ọ̀wọ́ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀wọ́ díìsìkì ni ẹ̀dà ìpamọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ GitLab kan tí ó ti ṣiṣẹ́ di òru pa àkójọ dátà tí ó wà lórí sáfà gan-an rẹ́, ó rò pé orí sáfà èkejì ni òun wà. Kò sí díìsìkì kan tí ó bàjẹ́. Ohun tí a bá pàṣẹ fún ọ̀wọ́ pé kí ó pa rẹ́, gbogbo wọn ni yóò jọ fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọ̀nà ìpamọ́ wọn wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tí ẹnì kan ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó yọ wọ́n, wọ́n sì pàdánù wákàtí mẹ́fà náà.

Ká padà sí ọ̀wọ́ wa. Bí ó bá ti kóra jọ, kíkà nìkan ni a ó gbà á láyè, a kò ní jẹ́ kí ó kọ ohunkóhun. Orúkọ fáìlì yóò tò sójú kọ̀ǹpútà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ọkàn yóò sì fẹ́ balẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò tíì jẹ́rìí ohunkóhun. Bí a bá to díìsìkì ní ìtòkítò, lẹ́tà kékeré ṣì lè ṣí geere, nítorí orí ẹyọ díìsìkì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Fáìlì ńlá tí ó rin orí gbogbo wọn já ni yóò tú àṣírí. Nítorí náà, àwòrán tí ó tóbi jù lọ ni ẹnjiníà yóò wá, yóò ṣí i, yóò sì máa wò ó bí ó ti ń jáde láti òkè wá sísàlẹ̀, iwájú orí, ojú, ọrùn, èjìká, láìsí ibi tí ó ti já.