Mọ́tò Tó Ń Wólẹ̀ Lóru: Ẹ Má Tíì Ra Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀!

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ilua tẹ́ ẹ fi èrè iṣu ra tòkunbọ̀ olówó ńlá fọ́mọ, ẹ gbọ́ tèmi. Lálẹ́, mọ́tò dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ mọ́, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ò ṣe yín léèdì o!

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í jókòó lé sípírìn, atẹ́gùn ló gbé e dúró. Mercedes S-Class tó jáde lọ́dún 1998 ní in, Range Rover àtijọ́ náà ní in. Àpò rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ táyà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Rọ́bà ọ̀hún kì í ṣe ọmọdé mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Eruku ọ̀nà oko wa tún bá a níbẹ̀.

Ibi tówó ti ń ṣòfò rè é. Mẹkáníìkì á ní, "Màámi, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú." Wọ́n á ra òmíràn. Kò pẹ́, ìyẹn náà jóná. Kí ló pa á? Rọ́bà ló là! Bó ṣe ń fẹ́ ẹ wọlé ni ihò ń tú u jáde, kò rí ìsinmi, ó gbóná títí ó fi kú. Àfi bí ẹni ń bomi sínú agbọ̀n.

Ọgbọ́n fọ́kànáísà ló kù. Ẹ po ọṣẹ mómi kó hó, ẹ tan mọ́tò kó dìde, kẹ́ ẹ fi ra rọ́bà níbi tó ti ká àti oríkèé páìpù. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ń jò. Bó bá jẹ́ igun kan ló wólẹ̀, igun yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá dìde rárá, tẹ́ ẹ ò sì gbọ́ kùn-ùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ yẹ fíúsì àti rílè wò ná. Owó kékeré nìyẹn. Bó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àmọ́ tí kì í wálẹ̀ sí i lóru, ó lè jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn gíga rẹ̀ ló ti ṣẹ́.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí bọ abẹ́ mọ́tò tí atẹ́gùn tàbí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin. Tí atẹ́gùn bá tú lójijì, kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sípírìn sí i. Kò burú fún ẹni tó ń kó iṣu, bó bá jẹ́ sípírìn tó bá mọ́tò náà mu. Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ á le ju ti tẹ́lẹ̀, iná ìkìlọ̀ á sì máa tàn níwájú dírẹ́bà, àfi tẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà mọ́tò bá bá yín pa á.