Kí Ni Ìlú Ṣe Aláìní? Bí Olùdìbò Ti Lè Wọn Ẹni Tí Ń Du Ipò

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí àkókò ìdìbò bá dé, kí ni a máa ń kọ́ bi ara wa léèrè? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa a máa bèèrè pé, "Ta ni ó jáde?" Lẹ́yìn náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti ìdílé rẹ̀, ti ọkọ̀ tí ó gùn wá, àti ti ìlù tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń lọ sí ọjà kì í kọ́ wo ojú ẹni tí ń tajà. Inú ìkòkò ilé rẹ̀ ni ó kọ́ ń wò, kí ó lè mọ ohun tí ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tí ìlú ṣe aláìní, kí a tó wo ojú ẹnikẹ́ni tí ń du ipò.

Ẹ̀tọ́ ìdìbò kì í ṣe ohun tí a ṣà he lójú ọ̀nà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Nàìjíríà ní ọdún 1923, ìlú méjì péré ni ó kàn: Èkó, tí ó yan ènìyàn 3, àti Kàlàbá, tí ó yan ẹnìkan. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kò sí níbẹ̀. Tálákà kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìhà Àríwá pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí ìbò dì. Ohun tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ kò yẹ ní fífi ṣeré.

Ohun mẹ́rin ni a rí pé ó yẹ ní ṣíṣe. Èkínní ni pé kí àwa àti àwọn aládùúgbò wa jókòó, kí a sì kọ àìní ìlú sílẹ̀ kí ìlù àti orin tó dé. Kí a bi àwọn ìyá ọlọ́jà léèrè ibi tí òjò ti ń ba ọjà wọn jẹ́. Kí a bi olùkọ́ léèrè iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì kan. Kí a bi agbẹ̀bí léèrè ohun tí kò sí ní ilé ìwòsàn. Kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé: opó, arúgbó, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Nígbà tí a bá kọ ọ́ tán, kí a mú mẹ́ta tí ó ká gbogbo ènìyàn lára jùlọ. Ìwé kékeré yìí ni òṣùwọ̀n wa.

Èkejì ni pé kí a mọ ipò tí ó ni iṣẹ́ náà. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 ti wí, ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti kíkó ìdọ̀tí jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Bí a bá ń kùn sí gómìnà nítorí ààtàn ọjà, tí a kò sì jáde dìbò ti ìjọba ìbílẹ̀, ibi tí kò yún wa ni a ń họ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà, àti pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣàkóso wọn. Nítorí náà, yíyan alága àti káńsílọ̀ gba ìrònú gidigidi. Iṣẹ́ ti aṣòfin ni láti ṣe òfin, láti yẹ ètò ìnáwó wò, àti láti wádìí bí a ti ná owó. Bí ẹni tí ń du ipò aṣòfin bá wí pé òun yóò gbẹ́ kànga, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bi í pé, "Alàgbà, báwo ni ẹ ó ti wádìí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún kànga ti èṣí?"

Ẹ̀kẹta ni pé kí a bèèrè iye tí ìlérí náà yóò ná wa. Ní oṣù keje ọdún 1952, Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú àwọn aṣòfin. Ìjọba Olóyè Obafemi Awolowo kò fi pamọ́ pé owó orí ni a ó fi ṣe é, èyí kò sì dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nígbà tí a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó borí ẹgbẹ́ wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn. Síbẹ̀ wọn kò padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀: iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ bí 457,000 ní ọdún tí ó ṣáájú sì fò sókè ju 800,000 lọ. Kì í ṣe pé kò ní àbùkù, nítorí àwọn olùkọ́ tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà kò tó. Ṣùgbọ́n àìní ìlú ni a fi ṣe ìpìlẹ̀, a dárúkọ owó rẹ̀, a sì dá ọjọ́ rẹ̀. Ìlérí tí kò ní iye owó, tí kò sì ní ọjọ́, orin lásán ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìwà àtẹ̀yìnwá. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ tàbí ti ìdàgbàsókè ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó ṣírò rẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín? Jẹ́trò kò gba Mósè nímọ̀ràn pé kí ó wá ọlọ́rọ̀ tàbí ẹni tí ó lẹ́nu. Ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́, tí ó sì kórìíra ojúkòkòrò, ni ó ní kí ó wá.

Ó ku ohun kan tí ó lè sọ gbogbo èyí di asán. Ní ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu àwọn ènìyàn: "Dìbò, kí o sebẹ̀." Òfin Ìdìbò ka ẹni tí ó fi owó ra ìbò àti ẹni tí ó tà á sí ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí ẹnìkan bá gba N5,000 fún ọdún mẹ́rin, èyíinì ni ọjọ́ 1,461, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Kò lè ra iyọ̀ ọbẹ̀ náà.

Àwa kò fi ẹni tí ebi ń pa ṣe ẹlẹ́yà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní oúnjẹ nílé, bí ẹ bá mọ̀ pé aládùúgbò yín yóò ta ìbò rẹ̀ nítorí oúnjẹ alẹ́, ẹ bù fún un kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru; ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn kì í bèèrè ẹni tí ó ta ìbò àti ẹni tí kò tà á.

Nígbà tí ìdìbò bá parí, kí a má ṣe fa ìwé kékeré náà ya. Kí a tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa mú un jáde lọ́dọọdún níwájú ẹni tí a yàn, kí òun àti àwa lè jọ kà á.