Ara Ọkọ̀ Tí Kì Í Gba Òòlù

Ẹ̀yin òbí wa ní Woolwich àti Thamesmead, bí ọmọ yín bá ra Lotus Elan àlòkù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán, ẹ má ṣe wá panẹ́lì-bítà olóòlù. Ara Elan kì í ṣe irin. Fáíbàgíláàsì ni, òwú dígí tí a fi résìnì dè pọ̀. Òòlù yóò tún fọ́ ọ sí i ni.

Ẹ fi sańpépà tí a rin sómi ha ọ̀dà kúrò títí ẹ ó fi rí òpin ibi tí ó sán. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ fáíbà tí a fi résìnì àti hádénà rẹ lẹ̀ ẹ́ láti inú. Kì í tètè le nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ bu hádénà kún un.

Ibi tí a ó ti ṣe é ló kan wa jù. Nígbà tí àwọn ará kọ́kọ́ kó wọ Thamesmead ní 1968, gáréèjì ni ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, nítorí ìbẹ̀rù ìkún omi bíi ti 1953. Òkè ni àwọn ọmọ ń sùn. Òórùn résìnì àti eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, résìnì sì lè gbiná. Bí ilé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ náà jáde sí gbangba, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́.