Ọ̀rọ̀ Mẹ́fà Nínú Ìwé Ìtọ́jú Ikọ́ Ẹ̀gbẹ



Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, àwọn àgbà sì wí pé ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, òun náà ní í yọ ọfà lápó. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ilé ìwòsàn fi ń parí ìtàn aláìsàn ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò.

Ní 1882 ni Robert Koch fi kòkòrò tí ń fa àrùn yìí han aráyé. Fún bí 60 ọdún lẹ́yìn náà, kò sí oògùn tí ó lè pa á nínú ara ènìyàn. Nígbà tí oògùn sì dé, ìtọ́jú a máa gba ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1970 ni ó fi hàn pé bí a bá fi rifampicin tàbí pyrazinamide kún oògùn àtijọ́, oṣù 6 lè tó. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí ni oríṣi oògùn 4 fún oṣù 2, lẹ́yìn náà 2 nínú wọn fún oṣù 4 sí i.

Ibi tí ewu wà nìyí: kí oṣù 2 tó pé, ikọ́ a ti máa rọlẹ̀, oúnjẹ a máa wọlé, aláìsàn a sì rò pé òun ti sàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò díẹ̀ ṣì lúgọ sínú ara. Bí ó bá dá oògùn dúró, àrùn lè padà; bí ó bá ń lò ó ségesège, oògùn náà lè má ràn án mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yan ẹnì kan tì í, tí yóò máa wò ó bí ó ti ń gbé oògùn mì.

Ní Tanzania, láti 1977, Karel Styblo àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé, wọ́n sì ń béèrè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: báwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí? Ìdáhùn mẹ́fà ni ó wà lónìí. "Ó sàn": a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, a kò sì bá kòkòrò níbẹ̀ mọ́. "Ó lo oògùn tán": ó parí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò sí. Méjèèjì yìí ni a ń kà sí àṣeyọrí. Ẹ̀kẹta, "oògùn kò ràn án". Ẹ̀kẹrin, "ó kú". Ẹ̀karùn-ún, "a kò rí èsì rẹ̀ kọ sílẹ̀".

Ẹ̀kẹfà ni ó gba àròjinlẹ̀. Títí di 2013, ẹni tí ó bá dá ìtọ́jú dúró fún oṣù 2 gbáko ni a ń pè ní ohun tí mo lè túmọ̀ sí "ó yẹ àdéhùn". Ní ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pa ọ̀rọ̀ yìí tì, tí wọ́n sì fi èyí tí mo túmọ̀ sí "a kò rí i mọ́" rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹni tí ó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ti ìṣáájú, aláìsàn ni arúfin. Nínú ti ìkẹyìn, àwa ni a ń bi pé: ǹjẹ́ a wá a bí?

Ojú méjì náà ni "ṣíṣọ́" ní. À ń ṣọ́ olè. À ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1998 láti Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé èsì àwọn tí nọ́ọ̀sì ń wò bí wọ́n ti ń gbé oògùn mì kò dára ju ti àwọn tí ń lò ó fúnra wọn lọ. Ojú tí ń wo ẹnu nìkan kò tó. Owó ọkọ̀, àkókò tí kò ba ọjà aláìsàn jẹ́, ohùn pẹ̀lẹ́, àti ẹni tí yóò yà sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá wá: ìwọ̀nyí náà jẹ́ ara ìtọ́jú.

Afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí ń gbà ràn, a kò sì lè dá afẹ́fẹ́ pín sí ojúlé. Àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún; ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Nígbà tí a bá kọ "a kò rí i mọ́" síwájú orúkọ ẹnì kan, iṣẹ́ tiwa ni ìwé náà ń ròyìn.