Èéfín Ọkọ̀ Kò Mọ Ààlà Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, mo sì fẹ́ kí a jọ rò ó lónìí. Ọ̀rọ̀ èéfín ọkọ̀ ni.

Ọmọ Ìlobùú ni mí. Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé ìyá mi wá sílé ọkọ. Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti ń rin ojú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀ mọ́ Òṣogbo. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ kí àwọn ẹbí ìyá wa. Lónìí, kórópe àti Micra ni gbogbo wa ń wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo nítorí ikọ́ tí kò jẹ́ kó sùn lóru. Kórópe tí a wọ̀ kò tíì gbéra tí èéfín dúdú fi bò wá mọ́lẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó ń di àyà mú. Mo ní, "Ọmọ mi, èéfín ọkọ̀ rẹ yìí mà pọ̀ o."

Dẹ́rẹ́bà náà yíjú padà, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí, kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ lálẹ́?"

Ẹnu mi wọhò. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Bàbá, ṣé inú èéfín ni ọmọ yìí ń gbé ni?"

Ẹ̀bi Dẹ́rẹ́bà Nìkan Kọ́

N kò lè dá gbogbo ẹ̀bi lé dẹ́rẹ́bà náà lórí. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo. Ọjọ́ náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo di 500 náírà, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí owó epo bá ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ, níbo ni yóò ti rí owó àtúnṣe? Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí a kò tọ́jú ló ń mu epo jù. Ìyà náà wá ń yí po bí ọmọ tó ń lépa òjìji ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára ẹnì kan, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè pé: kí ni àjọ bọ́ọ̀sì ìjọba lè ṣe tí yóò fi gbé èrò, tí kò sì ní ba afẹ́fẹ́ àti omi wa jẹ́?

Ohun tí Mo Rí ní Èkó

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LAMATA sílẹ̀ ní ọdún 2002 láti máa bójú tó ètò ìrìnnà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Máìlì 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22. Ní ọdún 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú.

Mo wọ̀ ọ́ nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ẹwà bọ́ọ̀sì náà, bí kò ṣe ọ̀nà rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n pa ààlà sí ẹ̀gbẹ́ kan títì fún un, kí ọkọ̀ mìíràn má baà gbà á. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti so danfo àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń jó epo láìlọ síbì kan, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ń lọ ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì ńlá kan bá gbé 70 èrò, tí kórópe sì ń gbé méje, kórópe mẹ́wàá ni yóò gbé èrò bọ́ọ̀sì kan. Lóòótọ́, bọ́ọ̀sì ńlá ń mu epo ju kórópe kan lọ, ṣùgbọ́n kò lè mu tó ti kórópe mẹ́wàá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ bí bọ́ọ̀sì ńlá náà bá ń rìn lófìfo, asán ni gbogbo ìṣirò yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó máa dé lásìkò, kí owó rẹ̀ má sì ga ju agbára èrò lọ, kí ó lè máa kún.

Dísù, Gáàsì, tàbí Iná?

Dísù ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá ń lò. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ fi èéfín dísù sí ara àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Nítorí náà, àwọn àjọ bọ́ọ̀sì káàkiri ayé ti ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà kan ni gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú àgbá, èyí tí wọ́n ń pè ní CNG. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ láti mú kí ọkọ̀ máa lò ó. Èéfín dúdú rẹ̀ kéré jọjọ sí ti dísù. Ṣùgbọ́n bí àgbá tàbí páìpù rẹ̀ bá ń jò, gáàsì náà ń mú kí ayé gbóná ju èéfín lásán lọ, nítorí náà ó ń fẹ́ àmójútó.

Ọ̀nà kejì ni bọ́ọ̀sì oníná, èyí tí bátìrì ń wà. Ní ọdún 2023, LAMATA àti ilé iṣẹ́ Oando bẹ̀rẹ̀ sí dán irú rẹ̀ wò ní Èkó. Ní Dakar, olú ìlú Senegal, wọ́n ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì oníná tó gùn ju kìlómítà 18 lọ ní ọdún 2024. Bọ́ọ̀sì 121 ni wọ́n rà fún un, iná nìkan ni gbogbo wọn sì ń lò. Ní London, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, bọ́ọ̀sì tí kì í tú èéfín ti ju 1,000 lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Gbogbo wa la mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Ní ọdún 2024 nìkan, iná gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà dákú lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá ra bọ́ọ̀sì oníná, tí a wá ń fi jẹnerétọ̀ dísù gba iná sí bátìrì rẹ̀, a kàn gbé èéfín kúrò lójú títì lọ sí ẹ̀yìn gáréèjì ni. Kí a tó lọ sí bọ́ọ̀sì oníná, kí a kọ́kọ́ wá iná, bóyá iná oòrùn lórí òrùlé gáréèjì fúnra rẹ̀.

Ohun tí Kò Gba Owó Rẹpẹtẹ

Ohun kan wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la: ìtọ́jú. Bí èéfín ọkọ̀ bá dúdú, epo inú rẹ̀ ni kò jó tán. Ó lè jẹ́ pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá dà bíi búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń jẹ epo. Ẹ́ńjìnnì tí a fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró ń fi epo ṣòfò. Àjọ tó bá ní mẹkáníìkì tirẹ̀, tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọjọ́ tí a dá, tó sì ń kọ iye epo tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀, yóò tètè mọ èyí tó ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tún wà níbẹ̀, tèmi sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe kan wà lókè ilé wa nígbà kan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń da ọ́ìlì tó ti gbó sí. Kò pẹ́ tí omi kànga wa fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀rá lójú, tó ń rùn. A dí kànga náà pa. Kànga tí bàbá mi gbẹ́ ni. Ní ìlú tí Odò Erinlẹ̀ jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún wa, ó yẹ kí gáréèjì ìjọba jẹ́ àpẹẹrẹ: kí wọ́n máa gba ọ́ìlì sínú àgbá, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń tún un sè, kí omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ má sì ṣàn lọ sínú odò.

Ọ̀nà Kan Náà Ni A Jọ Ní

Ẹ̀yin ará Ìlobùú, ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ẹ kò ní gbàgbé ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ilé ọkọ ìyá mi àti ilé tí wọ́n ti bí i kò lè kí ara wọn. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ ta ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín tó wọ ọmọ Ìlobùú láyà, òun náà ló ń wọ ọmọ Ìfọ́n. Kò mọ ààlà.

Mo rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì ńlá bíi mélòó kan, tó ní ìtọ́jú, sí ojú ọ̀nà Òṣogbo, Ìlobùú àti Ìfọ́n, kí wọ́n sì gba àwọn dẹ́rẹ́bà kórópe síṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ebi má baà pa wọ́n. Kí àwa èrò náà sì wọ̀ ọ́, kí a má bà á jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ara ọmọ-ọmọ mi ti yá díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lóru, dẹ́rẹ́bà yẹn ni mo máa ń rántí, àti àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sunkún nítorí ohun tí a lè tún ṣe.